Ìkòkò Ọbẹ̀ Yésúfù Àgùdà

Yésúfù fẹ́ràn ẹran. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò ní mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní Abà Ọlọ́pẹ, lẹ́yìn Lálúpọn, kò sẹ́ni tó mọ tàkúté dẹ bíi tirẹ̀. Ọ̀yà, òkété, etu, ohunkóhun tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò sì lẹ́ni tó ni ín, Yésúfù á mú un wálé. Tó bá jẹ eegun tán, ajá kì í wá síbẹ̀. Ajá ilé wa gan-an ti mọ̀ pé nǹkan kan kò lè kù. Ògiri kan ló wà láàrin ilé tiwa àti tiwọn, ògiri náà kò sì ga. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Mùsùlùmí ni gbogbo agboolé wọn. Bàbá Jùbrílù ni olórí. Àbúrò bàbá tó bí Yésúfù ni. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun náà ló láṣẹ lórí ilẹ̀ tí Yésúfù ń ro. Èèyàn gíga ni, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Kò sóhun tó burú lójú rẹ̀ ju kéèyàn ṣe nǹkan lábọ̀. Tó o bá fẹ́ kọ ebè, kọ ọ́ tán. Tó o bá fẹ́ jalè pàápàá, ó ní kó o jà á dáadáa, káwọn èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n á máa pè ọ́.

Ohun kan tún wà nípa rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ìgbín ló fi ń jẹ iyán. Ìgbà tí Àáfà Sàníù dé abà wa, tó ní ìgbín kò ṣeé dú, pé ohun tí kò bá ṣeé dú kò ṣeé jẹ, ọjọ́ náà ni Bàbá Jùbrílù jáwọ́. Kò jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tí ìgbín bá ń sọdá ọ̀nà, á dúró wò ó títí yóò fi sọdá tán. Ìgbín kì í sì í tètè sọdá.

Ọdún 1955, ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni Yésúfù rí Dorothy. Ó kó ẹ̀gẹ́ lọ tà ní Lálúpọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Dorothy wà nídìí agbada, èéfín bò ó, ó ń kọrin. Láti ọjọ́ náà, Yésúfù ń kó ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tẹ́nì kankan kò béèrè ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní, “Yésúfù, ẹ̀gẹ́ àná ṣì wà nílẹ̀.” Á ní kò burú, òun á dúró tì í.

Bàbá Dorothy ni katikíìsì àwọn Àgùdà ní Lálúpọn. Òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní àdúrà, tó sì ń di ilé mú nígbà tí Fada kò bá sí. Fada jẹ́ òyìnbó onírùngbọ̀n pupa kan tó ń gun alùpùpù wá láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Katikíìsì ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Àgùdà. Yésúfù ní kí wọ́n wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún òun.

“Ìyàwó kan ṣoṣo ni,” katikíìsì wí.

“Mo gbọ́, sà.”

“Máàsì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.”

“Mo gbọ́, sà.”

“O ò gbọdọ̀ jẹ ẹran ní Fúráìdè.”

“Fúráìdè wo, sà?”

“Gbogbo Fúráìdè.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí tí o ó fi kú.”

“Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?”

Katikíìsì wò ó. “Ẹran ni mo ní kó o má jẹ. Mi ò sọ̀rọ̀ òjò.”

“Omi ẹran ńkọ́, sà? Omi ọbẹ̀ nìkan. Ká ti kó ẹran kúrò nínú ẹ̀.”

“Omi ẹran, ẹran ni.”

Yésúfù dìde, ó jáde. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo Dorothy nídìí agbada. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó padà wọlé, ó ní, “Mo gbà, sà.”

Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n da omi sí i lórí, wọ́n sọ ọ́ ní Jósẹ́fù. Fada fúnra rẹ̀ ní Jósẹ́fù àti Yésúfù, orúkọ kan náà ni. Nítorí náà a kò yọ ara wa lẹ́nu. Yésúfù la ń pè é nìṣó. Nígbà tó yá, ó di Yésúfù Àgùdà, torí kò sí Àgùdà mìíràn ní abà wa. Mùsùlùmí wà, àwa Áńgílíkà wà, Onítẹ̀bọmi méjì wà. Àgùdà, òun nìkan, àti Dorothy nígbà tó gbé e dé.

Bàbá Jùbrílù pè é síwájú ilé. Mo wà nítòsí, mo ń gbọ́.

“Mo gbọ́ pé o ti di Àgùdà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀?”

Yésúfù kà á fún un. Nígbà tó dé orí ẹran, Bàbá Jùbrílù rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Mi ò rí irú ẹ̀ rí lára rẹ̀.

“Ìwọ Yésúfù?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Ó gbé fìlà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù. “Kò burú. Mi ò ní lé ọ. Ọlọ́run ló ń pín ẹ̀sìn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ẹ̀sìn àbọ̀. Tó o bá máa ṣe Àgùdà, ṣe é dé ìdí. Ọjọ́ tí mo bá ká ẹran mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Jímọ̀, irọ́ lo ti ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wàá padà wá kírun pẹ̀lú wa, tàbí kó o gbé ọkọ́ rẹ kúrò lórí ilẹ̀ wa.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Màá máa wá wò ó.”

“Kí lẹ máa máa wò, Bàbá?”

“Ìkòkò.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, Bàbá Jùbrílù kì í kọ́kọ́ lọ sílé. Ilé Yésúfù ló ń yà sí, tòun ti àgbádá. Á ṣí ìkòkò ọbẹ̀, á fi ṣíbí rò ó dé ìdí, á gbóòórùn rẹ̀. Á ní, “Ó dáa.” Á dé e. Á lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́ a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ó di ara Jímọ̀. Dorothy kì í bu ọbẹ̀ kí Bàbá tó dé. Tí wàásù Àáfà Sàníù bá gùn, ebi á máa pa Yésúfù. Á bọ́ síta, á máa wo ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kò sí Mùsùlùmí tó fẹ́ kí ìrun tètè parí bíi tirẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” Dorothy á wí, á kúnlẹ̀. “Pánla ni.”

“Mo gbọ́. Jẹ́ kí n rí i.”

Pánla ni wọ́n ń jẹ ní Fúráìdè. Ẹja òkèèrè yẹn, tó le bí igi ìdáná, tó máa ń ti Ìbàdàn wá. Yésúfù ní eyín rere. Ó ní tóun bá pa ojú dé tóun sì jẹ ẹ́ pẹ́, ó máa ń fẹ́ jọ ẹran.

Ọdún kan, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá Jùbrílù mọ ohun tó ń ṣe. Ó gé odidi itan àgbò kan, ó gbé e rán sí Yésúfù ní ọ̀sán. Gbogbo agboolé tẹ̀ lé itan náà. Àwa náà yọjú lórí ògiri. Yésúfù dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó dá iná, ó gbé itan lé orí àjà iná láti yan án gbẹ. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó mú rosari, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn, ó jókòó tì í. Ajá wa wá jókòó ní ìdojúkọ rẹ̀. Ọ̀rá ń kán sínú iná. Tó bá ti kán, Yésúfù á ní, “Mo kí ọ, Màríà.” Ọ̀rá á tún kán. Á tún kí i. Ọjọ́ yẹn, ó kí Màríà ju bí katikíìsì ṣe ń kí i lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí n tó bọ́jú tán, itan ti di eegun. Bàbá Jùbrílù gbọ́. Ó ní, “Ọmọ yìí le.” Ó sì fi kún un pé, “Màá ṣì máa wá wò ó.”

Lẹ́yìn náà ni Dorothy kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà bá a lọ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n sin ín sí Lálúpọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn wọn. Yésúfù ń ka rosari rẹ̀. Bàbá Jùbrílù dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń ka tẹ̀sùbáà tirẹ̀. A kò gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì, ẹnu wọn ló ń mì.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a rò pé Bàbá kò ní yà. Ó yà. Ó ṣí ìkòkò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Yésúfù kò sè. Bàbá dé e padà, ó lọ sílé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Mùsílímátù ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ dé, Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Jẹun,” ó wí. “Ẹja ni mo ní kí wọ́n sè. Mo mọ ọjọ́.”

Gbogbo wa ló gbà pé Yésúfù á padà sí mọ́ṣáláṣí. Obìnrin ló mú un lọ, obìnrin náà ti lọ. Bàbá Jùbrílù pè é, ó ní tó bá padà, òun á fẹ́ ìyàwó fún un láìjẹ́ kó náwó.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ṣì wà níbẹ̀.”

“Kí lo tún ń wá níbẹ̀?”

“Dorothy ló mú mi débẹ̀, Bàbá. Kì í ṣe òun ni mò ń kí níbẹ̀.”

Bàbá rò ó wò. Ó ní kò burú. Ó ṣe é dé ìdí, kò sí ohun tó lè sọ sí i.

Nǹkan wá le. Àrùn mú kòkó, èso ń dúdú lórí igi. Ẹ̀gẹ́ kò ta. Yésúfù gbẹ. Ọrùn rẹ̀ gùn sí i. Tàkúté rẹ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ àṣà burúkú kan. Láti Mọ́ńdè títí di Tọ́sìdè, kò ní mú nǹkan kan. Fúráìdè nìkan ló ń mú. Tó bá dé ìdí tàkúté ní àárọ̀ Fúráìdè, ọ̀yà tó sanra bí ọmọ ìyàwó tuntun á wà níbẹ̀, á máa wò ó. Á gbé e wálé, á máa bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Àná ńkọ́? Níbo lo wà lánàá?”

Ó ń fi pánla ra ẹ̀mí rẹ̀ padà ní Fúráìdè. Ọdún 1965 dé, wọ́n dìbò, ìjà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń dí ọ̀nà. Ọkọ̀ kò ti Ìbàdàn wá mọ́. Pánla tán ní Lálúpọn. Ẹja odò náà wọ́n bí ojú. Fúráìdè Yésúfù wá di ẹ̀bà àti ọbẹ̀ òfìfo. Bàbá Jùbrílù á ṣí ìkòkò, á rò ó, ṣíbí kò ní kan nǹkan kan. Á ní, “Ó dáa,” ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀.

Fúráìdè kan nígbà òjò àrọ̀kúrò, Yésúfù ń bọ̀ láti oko. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìgbín ńlá kan jáde lábẹ́ ewé kòkó, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún wà lẹ́yìn. Yésúfù jókòó lórí igi, ó ń wò wọ́n. Ó sọ ohun tó rò fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun bi ara òun pé, ṣé tàkúté ni wọ́n fi ń mú ìgbín? Rárá. Ṣé ó máa ń sá? Kì í sá. Wọ́n ń ṣà á nílẹ̀ ni, bí àgbálùmọ̀. Ohun tí wọ́n bá ń ṣà nílẹ̀, kí ni à ń pè é? Èso ni.

Ló bá ṣa èso mẹ́ta.

Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, ó fi ata sè wọ́n dáadáa. Òórùn náà gba orí ògiri wa wọlé. Bàbá Jùbrílù dé láti mọ́ṣáláṣí, ó ṣí ìkòkò, ó fi ṣíbí rò ó. Ṣíbí kan nǹkan. Ó gbé e sókè.

Ó wò ó pẹ́. Mo rí i tó gbé itọ́ mì.

“Yésúfù.”

“Bàbá.”

“Kí nìyí?”

“Èso ni, Bàbá.”

“Èso wo?”

“Ìgbín.”

Bàbá fi ṣíbí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó jọ ẹni tó dẹ tàkúté títí, tó wá rí ọmọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀. “O mọ ohun tá a jọ sọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Kì í ṣe ẹran ni.”

Kò pẹ́ tí abà fi kún ibẹ̀. Àáfà Sàníù dé. Ó ní, “Ẹran ni. Ẹran tí kò ṣeé dú ni. Kò lọ́rùn.”

Mùsílímátù ní, “Ó lọ́rùn, Àáfà. Tó bá yọrí jáde, ọrùn ló fi yọ ọ́.”

“Ẹ fi ọ̀bẹ kàn án, Ìyá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní wọlé.”

Wọ́n bi Múyì, tíṣà ní Lálúpọn, ọmọ ilé tiwa. Múyì ní ìgbín kì í ṣe ẹran, kì í sì í ṣe ẹja. Wọ́n ní kí ló wá jẹ́. Ó ní ìwé tí àwọn ń kà kò tíì débẹ̀.

Yésúfù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń ro ló wà níbẹ̀. Máàsì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti Dorothy. Nínú ìkòkò ata. Bàbá Jùbrílù wò ó, ó wo ìkòkò. Ó ní, “Òfin Àgùdà ni. Fada ló ni ín. Fada náà ló máa dá a. Tó bá ní ẹran ni, ẹran ni.” Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ọbẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àfi ajá wa, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá àti Yésúfù forí lé Lálúpọn. Mo bá wọn lọ, torí mo fẹ́ gbọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé igbá, ìgbín ààyè kan wà nínú rẹ̀. Ó ní a kì í lọ síwájú adájọ́ láìmú ẹ̀rí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti dábùú igi sí ojú ọ̀nà. Àdá wà lọ́wọ́ wọn.

“Inú ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà?” ọ̀kan wí.

“A ò sí nínú ẹgbẹ́,” Bàbá wí. “A ń lọ bi Fada bóyá ìgbín jẹ́ ẹran.”

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kó ṣí igbá. Ó ṣí i. Wọ́n wo ìgbín, ìgbín yọ ojú sí wọn. Ọ̀kan ní, “Ẹran mà ni.” Èkejì ní, “Kì í ṣe ẹran.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. A kọjá lára wọn.

Yésúfù wọlé lọ gba Máàsì. Bàbá jókòó sábẹ́ máńgòrò níta pẹ̀lú igbá. Máàsì gùn, oorun gbé e. Nígbà tí Fada jáde, ó bá àgbàlagbà Mùsùlùmí kan níbẹ̀ tó ń sùn, ìgbín sì jókòó sórí fìlà rẹ̀.

“Bàbá,” Fada wí, ó máa ń fara balẹ̀ sọ Yorùbá, “ìgbín wà lórí yín.”

Bàbá lajú. “Òun la bá wá, Fada.”

Ó ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rò ó bó ṣe rí, kò bù mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ má gbè é torí pé ọmọ ìjọ yín ni. Tó bá jẹ́ ẹran, ẹ sọ ọ́. Ilẹ̀ wà nídìí ẹ̀.”

Fada gbé ìgbín, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀?”

“Omi ni. Ta ni kò mọ̀ pé omi ló wà lára ìgbín?”

“Ṣé ó ní eegun?”

“Ilé ló ní.”

Fada fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Yésúfù ti mú rosari jáde. Fada ní, “Ìjọ wa kò ka irú èyí sí ẹran. Ẹja, akàn, edé, ìgbín, ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n. Ó lè jẹ ẹ́ ní Fúráìdè.”

“Ẹ tún un sọ.”

“Òun àti ẹja, ọ̀kan náà.”

“Ṣé Fada ló ń sọ ọ́, àbí ẹ̀yin?”

“Fada ló ń sọ ọ́.”

Bàbá nawọ́, ó gba ìgbín rẹ̀ padà. “Kò burú.”

A ń padà bọ̀ wálé. Yésúfù ń rìn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Igbá ni Bàbá ń wò. Ó ń ṣí igbá, ó ń dé e. Nígbà tá a dé ibi odò, ó dúró.

“Yésúfù.”

“Bàbá.”

“Ó ní òun àti ẹja, ọ̀kan náà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ló wí, Bàbá.”

A rìn díẹ̀ sí i.

“Ṣé a máa ń dú ẹja?”

“A kì í dú ẹja, Bàbá.”

A tún rìn. Abà ti ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán.

“Èyí tó wà nínú igbá yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ̀rí ni, Bàbá.”

“Ẹjọ́ ti parí. Ẹ̀rí kò níṣẹ́ mọ́.”

Ilé Yésúfù ni wọ́n ti sè é, torí Mùsílímátù ní ìkòkò òun kò ní rí i. Yésúfù fi iyán gbé e. Bàbá ní, “Bísímílà,” ó mú ìgbín sẹ́nu, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ kó tó la ojú. Nígbà tó là á, mo gbójú sí ibòmíràn. Omi wà lójú rẹ̀.

Àáfà Sàníù gbọ́. Ó dé, inú rẹ̀ kò dùn.

“Àlàájì Jùbrílù, ta ló ní kẹ́ ẹ máa jẹ ìgbín?”

“Mi ò tíì lọ Mẹ́kà, ẹ yé pè mí bẹ́ẹ̀. Fada ni.”

“Fada ti wá di àáfà yín?”

“Lórí ìgbín nìkan.”

Àáfà wo àwo. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù, ó lọ. Jímọ̀ kejì, wàásù rẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwa tí a wà nílé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbín ni.

Kí òjò tó tán, Bàbá Jùbrílù kó àwọn àgbà agboolé lọ sí oko. Ó gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ tí Yésúfù ń ro. Pèrègún ni ààlà. Kò sẹ́ni tó ń tú u. Ó ní, “Mo ti ń wá irọ́ ọmọ yìí láti ìgbà tí wọ́n da omi sí i lórí. Mi ò rí i. Ilẹ̀ rẹ̀ nìyí, Àgùdà ni o, ẹ fi í sílẹ̀.” Yésúfù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ pupa fún ẹrẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan sí i, Fada gun alùpùpù wá sí abà wa fúnra rẹ̀. Fúráìdè ni. Bàbá Jùbrílù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ń ṣí ìkòkò. Fada ní ọ̀rọ̀ ayọ̀ lòun bá wá. Ó ní àwọn àgbà ìjọ ní Róòmù ti dẹ òfin náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè jẹ ẹran ní Fúráìdè báyìí, kó ṣe oore mìíràn dípò rẹ̀.

Bàbá Jùbrílù ló sọ̀rọ̀.

“Fada, ẹ jókòó. Mo gbọ́ pé ẹ ń tú òfin.”

“Bàbá, a ò tú u. A dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.”

“Ọmọ tí mo ti ń ṣí ìkòkò rẹ̀ látọjọ́ yìí. Kòkó kú, kò jẹ ẹran ní Jímọ̀. Ìyàwó kú, kò jẹ ẹ́. Mo fi itan àgbò dán an wò, kò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin wá gun alùpùpù wá pé kó jẹ ẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí n máa wá ṣí?”

Fada yíjú sí Yésúfù. “Ìwọ ńkọ́?”

Yésúfù wo ilẹ̀. Ọ̀yà kan so mọ́ òpó lẹ́yìn rẹ̀, ti àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sanra. “Fada,” ó ní, “Dorothy kò gbọ́ òfin tuntun yìí. Èyí tó mọ̀ ni mò ń bá a ṣe. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Fada bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókún. Ó ní kò burú.

“Ẹ wá jẹun,” Bàbá wí.

Ìgbín ló wà nínú ìkòkò. Yésúfù bu ọ̀kan fún Fada, ó tóbi, ó dúdú, ó ń dán. Fada wò ó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wá hàn sí gbogbo wa pé òyìnbó yìí kò jẹ ìgbín rí láyé.

“Ẹni tó dá ẹjọ́ ìgbín,” Bàbá wí, “kò ní lè jẹ ìgbín?”

Fada ṣe àmì àgbélébùú. Ó mú un sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́. Ó ṣì ń jẹ ẹ́. Ajá wa wá jókòó tì í, ó ń retí.

“Ó le díẹ̀,” Fada wí, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ráàyè.

“Ẹja ni,” Bàbá wí. “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó fa ìkòkò sún mọ́ra, ó fi ṣíbí rò ó dé ìdí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dé e.

“Ó dáa,” ó wí.